Tíráńsítọ̀ wo ló lè gbé e? Ìfiwéra àwọn tí à ń lò jù, àti ibi tí fóltéèjì pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì wọn mọ

Ìgbà kẹta nìyẹn tí ínfátà náà máa jóná láàárín oṣù méjì. Ẹni tó ni ín gbé e láti Ìkẹ́rẹ́ wá bá mi ní Ajílosùn, níbí ní Adó-Èkìtì. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ MOSFET rẹ̀, ìyẹn irú tíráńsítọ̀ tó ń tan kọ́rẹ́ǹtì bátìrì tó sì ń pa á, lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn, IRF3205 ni wọ́n sì fi sí i nígbà méjèèjì, èyí tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè gbé 110 áńpù. "Ọ̀gá, fáànù méjì àti tẹlifísàn kan ni mò ń lò. Kí ló tún ń jó o?" Mo bi í pé ìgbà wo ló máa ń jó. Ó ní ọ̀sán ni, kì í jó lálẹ́ rí. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé bátìrì méjì ló so pọ̀ mọ́ ọn, 24 fóltì, sólà sì ń fún bátìrì náà lágbára lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ náà yé mi níbẹ̀ yẹn. Kọ́rẹ́ǹtì kò ṣe MOSFET wọ̀nyẹn ní nǹkan kan. Fóltéèjì ló ń pa wọ́n, ẹni tó sì tún un ṣe ṣáájú mi kò wo fóltéèjì rárá. 110 yẹn nìkan ló rí.

Irú àṣìṣe yìí pọ̀ láàárín wa, ó sì ń dùn mí, torí owó oníbàárà ló ń bá a lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ìfiwéra yìí fún ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ àtúnṣe, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Poly àti EKSU tí ẹ máa ń wá béèrè lọ́wọ́ mi pé tíráńsítọ̀ wo ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá yín.

Nọ́ńbà mẹ́ta, ikú mẹ́ta

Gbogbo tíráńsítọ̀ ló ní ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ nípa rẹ̀, tí à ń pè ní dátáṣíìtì. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sórí fóònù, ẹ ó rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlà mẹ́ta ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ sí. Èkíní ni fóltì tó ga jù tó lè fara dà nígbà tó bá pa ẹnu dé: wọ́n ń kọ ọ́ ní Vceo lára tíráńsítọ̀ àtijọ́, wọ́n ń kọ ọ́ ní Vdss lára MOSFET. Èkejì ni áńpù tó lè gba inú rẹ̀ kọjá, Ic tàbí Id. Ẹ̀kẹta ni wáàtì, ìyẹn iye ooru tó lè mú jáde lára kó tó jóná.

Ọ̀nà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà pa á yàtọ̀. Fóltéèjì kì í dúró gba ẹ̀bẹ̀: bó bá kọjá ààlà díẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó, kí ojú tó ṣẹ́, tíráńsítọ̀ ti di ṣọ́ọ̀tì. Kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ jù máa ń yọ́ wáyà tín-ín-rín tó so sílíkọ́nì inú rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ooru ní tirẹ̀ máa ń rọra ṣe é, á ṣiṣẹ́ lónìí, á ṣiṣẹ́ lọ́la, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gan-an ló máa kú.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ilé-iṣẹ́ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ló wà. Ẹ wo ọkọ̀ tó ń kó iṣu. Ó lè ru ẹrù rẹ̀ tó kún dẹ́nu lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó sì lè gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nígbà tí kò ru nǹkan kan. Ẹ di ẹrù náà kún un tán kí ẹ wá ní kó gun òkè náà, ẹ ó rí i tí ẹ́ńjìnnì á máa hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2N3055. Ìwé rẹ̀ sọ pé 60 fóltì, 15 áńpù, 115 wáàtì. Ẹ sọ 60 di ìlọ́po 15, 900 wáàtì ni. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ ohun tó lè gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kí 15 áńpù gba inú rẹ̀ kọjá, fóltì tó máa wà lórí rẹ̀ lákòókò náà kò gbọ́dọ̀ ju bíi 7 àbọ̀ lọ. Bí 40 fóltì bá wà lórí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gba tó 3 áńpù.

115 wáàtì yẹn gan-an, ìgbà tí ìkòkò irin rẹ̀ bá tutù dé 25°C ni. Ta ló ní ṣọ́ọ̀bù tó tutù tó bẹ́ẹ̀ ní Adó nínú oṣù kejì? Bí ìkòkò náà bá gbóná dé 100°C, 115 á ti wá sí bíi 66. Lára tíráńsítọ̀ àtijọ́ bí èyí, ìṣòro mìíràn tún wà: bí fóltì bá ga, ooru máa ń kóra jọ sójú kan nínú sílíkọ́nì, ojú kan náà á sì lu kí wáàtì tó pé rárá. Àwòrán kan wà nínú dátáṣíìtì tó ń fi ààlà yìí hàn, wọ́n kọ Safe Operating Area sórí rẹ̀. Èmi máa ń wo àwòrán yẹn kí n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Àwọn tó sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ wa nìyí. Fún méjì àkọ́kọ́, 25°C jẹ́ ti afẹ́fẹ́ àyíká. Fún àwọn ńlá, ti ara wọn fúnra rẹ̀ ni, ìyẹn nígbà tí hítísíńkì, irin tí à ń dè mọ́ wọn láti fa ooru kúrò, bá mú wọn tutù.

| Tíráńsítọ̀ | Fóltì | Áńpù | Wáàtì | Iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ |
|---|---|---|---|---|
| BC547 | 45 | 0.1 | 0.5 | ríléè kékeré, iná LED, àmì ohùn |
| 2N2222A oníike | 40 | 0.6 | 0.625 | ríléè ńlá, mọ́tò kékeré |
| TIP41C | 100 | 6 | 65 | amplifáyà kékeré |
| TIP122 | 100 | 5 | 65 | mọ́tò, bí kò bá sí MOSFET |
| 2N3055 | 60 | 15 | 115 | ẹ̀rọ tó ń fa fóltì wálẹ̀ |
| 2SC5200 | 230 | 15 | 150 | amplifáyà ńlá |
| MJE13007 | 400 | 8 | 80 | pówà sọ́pláì orí iná ilé |
| IRFZ44N | 55 | 49 | 94 | ohun 12 fóltì |
| IRF3205 | 55 | 110 | 200 | ínfátà 12 fóltì |
| IRF540N | 100 | 33 | 130 | ohun 24 fóltì |
| IRFB4110 | 100 | 180 | 370 | ínfátà 24 fóltì |
| IRF840 | 500 | 8 | 125 | iná ilé, pẹ̀lú ìṣọ́ra |

Ẹ má gba 110 àti 180 inú tábìlì yìí gbọ́ tán. Sílíkọ́nì inú wọn ló lè gbé iye yẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti wáyà inú wọn kò lè gbé e: ìwé IRF3205 fúnra rẹ̀ sọ pé 75 áńpù ni ara rẹ̀ mọ, ti IRFB4110 jẹ́ 120.

BC547 tàbí 2N2222A?

Ríléè (bọ́tìnnì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn) aláwọ̀ búlúù kékeré oní 12 fóltì tó kún ọjà, 400 ómù ni wáyà inú rẹ̀, 30 milliamp péré ló ń fà. BC547 á gbé e pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹ fún béèsì rẹ̀, ẹsẹ̀ tí à ń fi tan tíráńsítọ̀, ní ìdá mẹ́wàá ohun tí ríléè ń fà, ìyẹn 3 milliamp. Láti orí 5 fóltì, rẹsísítọ̀ 1 kilo-ómù á ṣe é dáadáa. Ríléè inú ọkọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Èyí tí wáyà rẹ̀ jẹ́ 90 ómù á fa bíi 133 milliamp, BC547 sì ti parí sí 100. 2N2222A ló ni iṣẹ́ yẹn.

Ríléè yòówù kó jẹ́, ẹ fi dáóòdù 1N4007, tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì gba ọ̀nà kan ṣoṣo, dábùú wáyà rẹ̀, kí ojú tí wọ́n fi ìlà funfun sàmì sí kọ sí ẹnu pósítífù bátìrì. Nígbà tí tíráńsítọ̀ bá pa ríléè, wáyà náà máa ń tu fóltì ńlá sẹ́yìn, tó lè kọjá 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 12 péré lẹ gbé sí i. 45 ni BC547 mọ. Mo ti rí bọ́ọ̀dù tó pọ̀ tí wọ́n ní "tíráńsítọ̀ tí wọ́n ń tà báyìí kò lágbára mọ́," tó jẹ́ pé dáóòdù kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀.

Ohun kejì tó ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú ni ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kọ ojú pẹlẹbẹ BC547 sọ́dọ̀ ara yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dorí kodò, kọlẹ́tọ̀ ló wà lọ́wọ́ òsì, béèsì láàárín, ẹ̀mítà lọ́wọ́ ọ̀tún. 2N2222A oníike ò dúró sójú kan: èyí tí wọ́n kọ PN2222A sí lára, ẹ̀mítà ló wà lọ́wọ́ òsì, èyí tí wọ́n kọ P2N2222A sí lára, kọlẹ́tọ̀ ni. 2 kan ṣoṣo tó wà láàárín P àti N ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbé e sódì, ó lè dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ààlà fóltì rẹ̀ ti wálẹ̀ láti 40 sí bíi 6, torí pé ọ̀nà láàárín ẹ̀mítà àti béèsì ló wá ń gba gbogbo fóltì náà báyìí.

6 fóltì yẹn tún ń pa nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Iná ọ̀ṣọ́ tó ń ṣẹ́jú pìpì, tí à ń fi tíráńsítọ̀ méjì àti kápásítọ̀ méjì ṣe nígbà Kérésì, bí ẹ bá gbé e sórí 12 fóltì, kápásítọ̀ á máa fa béèsì sí bíi 11 fóltì sódì ní gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ́jú. Kì í bú lójú ẹsẹ̀. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Dáóòdù 1N4148 kan sẹ́nu béèsì kọ̀ọ̀kan á dá a dúró.

2N3055 pẹ̀lú IRF3205

Ibí yìí ni àwọn àgbà àti ọmọ ìsinsìnyí ti máa ń bá ara wọn jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù. 2N3055 ti wà látìgbà tí àwọn ọ̀gá wa ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti rí ìkòkò irin rẹ̀ rí kò ní gbàgbé. Ínfátà àtijọ́ kún fún un. Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí 10 áńpù gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá bíi bọ́tìnnì tí a tàn.

2N3055: ìwé rẹ̀ sọ pé ní 10 áńpù, ó lè fi tó 3 fóltì sílẹ̀ lórí ara rẹ̀. 30 wáàtì ooru nìyẹn láti ara ẹyọ kan. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ pàápàá, ẹ ní láti fún béèsì rẹ̀ ní 3.3 áńpù, èyí tó tó bátìrì kékeré mìíràn láti fà gbẹ. IRF3205: 8 milli-ómù ni ọ̀nà inú rẹ̀, ìyẹn ìdènà tí kọ́rẹ́ǹtì ń bá pàdé bó bá tàn tán. Áńpù 10 lọ́nà 10 lọ́nà 0.008, ìyẹn 0.8 wáàtì, ká ní ó gbóná tí ọ̀nà náà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, kò ì tíì pé 2. Gétì rẹ̀, ẹsẹ̀ tí à ń fi tan MOSFET, kò fa kọ́rẹ́ǹtì kankan bó bá ti tàn tán. Fún ínfátà 12 fóltì, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ò sọ̀rọ̀ dànù. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí tíráńsítọ̀ kò ní tàn tán tí kò sì ní kú tán, bíi ẹ̀rọ tó ń fa 24 wálẹ̀ sí 12 ní jẹ́jẹ́, 2N3055 ni èmi máa yàn. Títàn-kú kíákíá ni wọ́n ṣe IRF3205 fún. Bí ẹ bá dá a dúró sáàárín pẹ̀lú fóltì tó pọ̀ lórí rẹ̀, ooru á sá jọ sójú kan, á sì lu níbi tí 200 wáàtì tó wà lórí ìwé ṣì jìnnà réré.

Ẹ tún gbọ́ èyí nípa 200 wáàtì. Láìsí hítísíńkì, ìwé náà sọ pé wáàtì kọ̀ọ̀kan á gbé ooru inú rẹ̀ ga sí i ní 62°C. 175°C ni òpin rẹ̀. Ká ní afẹ́fẹ́ inú páálí ínfátà jẹ́ 40°C, ohun tó kù fún un kò ju wáàtì 2 lọ díẹ̀. Láti 200 sí 2! Nítorí hítísíńkì tí ẹnì kan ní kò pọn dandan.

Ínfátà: 12 fóltì, 24 fóltì, àti ìdí tó fi ń jó lọ́sàn-án

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ oníbàárà mi láti Ìkẹ́rẹ́. Nínú ínfátà tí wáyà àárín tíráńsfọ́mà rẹ̀ lọ sí bátìrì, ìhà méjì ló ń gbà á fún ara wọn. Nígbà tí MOSFET ìhà kan bá tàn, fóltì bátìrì á wà lórí ìdajì wáyà tíráńsfọ́mà, ìdajì kejì náà á sì mú iye kan náà jáde. Méjèèjì á wá dorí MOSFET tó pa ẹnu dé lápapọ̀. Ìlọ́po méjì bátìrì ló ń rí, kì í ṣe bátìrì nìkan.

Bátìrì 12 fóltì tó ń gba agbára máa ń dé 14.4. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 28.8. IRF3205 àti IRFZ44N tó mọ sí 55 ṣì ní àyè tó pọ̀ fún ìpàdé fóltì òjijì. Ó dáa. Bátìrì 24 tó ń gba agbára lọ́wọ́ sólà lọ́sàn-án máa ń dé 28.8, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 57.6. Ó ti kọjá 55 kó tó di pé a ka fóltì òjijì mọ́ ọn. Lálẹ́, nígbà tí kò sí oòrùn, bátìrì á wálẹ̀ sí bíi 25, ìlọ́po méjì rẹ̀ á jẹ́ bíi 50, MOSFET á fi ọgbọ́n rù ú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀sán ló ń jó.

Mo fi IRFB4110 sí i, oní 100 fóltì. Ọ̀nà inú rẹ̀ jẹ́ 4.5 milli-ómù, ó tilẹ̀ sàn ju IRF3205 lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga. IRF540N náà jẹ́ 100 fóltì, kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 44 milli-ómù ni ọ̀nà rẹ̀, ìlọ́po márùn-ún àbọ̀ ti IRF3205. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ní láti fi púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, hítísíńkì á sì tóbi. Fún ẹrù kékeré, mo lè gbà á. Fún ínfátà ilé odidi, rárá.

Irú ínfátà kejì, tí MOSFET mẹ́rin tàbí ìdì mẹ́rin yí tíráńsfọ́mà ká tí wáyà àárín kò sí, yàtọ̀. Fóltì bátìrì nìkan ni MOSFET ibẹ̀ ń rí. IRF3205 lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 24 fóltì. Bó bá jẹ́ 48, ó ti parí fún un, 100 fóltì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé "ẹni báyìí lo 3205 lórí 24, kò jó", ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irú kan náà ni.

Ní tèmi, mi ò ń lò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta fóltì tó wà lórí ìwé, mi ò sì ń lò ju ìdajì áńpù. Àwọn kan máa ń sọ pé mò ń bẹ̀rù jù. Ẹ rántí pé mọ́tò fáànù àti ti ẹ̀rọ tó ń fa omi máa ń fa ìlọ́po mélòó kan kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.

Gétì, 5 fóltì, àti ọyẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé IRFZ44N wá pé ó ń gbóná, bẹ́ẹ̀ sì ni 3 áńpù péré ló ń gba inú rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé 10 fóltì lórí gétì ni wọ́n fi wọn 17.5 milli-ómù tó wà lórí ìwé rẹ̀. Bọ́ọ̀dù Arduino, bọ́ọ̀dù kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ètò sí, ń fún un ní 5. Kò tàn tán. IRLZ44N, tí lẹ́tà L wà nínú orúkọ rẹ̀, ni wọ́n ṣe fún 5 fóltì: 25 milli-ómù ni ní 5, kò sì ní pé ìdá mẹ́rin wáàtì kan tó máa sun ní 3 áńpù. TIP122 lórí iṣẹ́ kan náà máa fi 2 fóltì sílẹ̀ lórí ara rẹ̀, 6 wáàtì nìyẹn. Ó ṣì lè ṣe é bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nílé, pẹ̀lú hítísíńkì. ESP32, irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ mìíràn tí ń fúnni ní 3.3 fóltì, kò tó fún IRLZ44N pàápàá. Ẹ jẹ́ kí tíráńsítọ̀ kékeré kan kọ́kọ́ gbé e dé 12 kó tó kan gétì.

Gétì IRFZ44N àti IRF3205 kò gbọ́dọ̀ rí ju 20 fóltì lọ, ti IRLZ44N jẹ́ 16. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń sán, tí ara aṣọ ń ta páráparà bí a bá ń bọ́ ọ, ìka ọwọ́ lásán lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì. Ẹ fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kí ẹ tó mú MOSFET, ẹ má sì tú u kúrò nínú ọ̀rá dúdú tàbí fọ́ìlì tó wà títí ẹ ó fi lẹ̀ ẹ́. Sẹ́nà 15 fóltì (dáóòdù tí kì í jẹ́ kí fóltì ga ju iye yẹn) láàárín gétì àti sọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà jáde, kò wọ́n rárá.

Amplifáyà ṣọ́ọ̀ṣì

Bí amplifáyà bá ní 35 fóltì lókè àti 35 nísàlẹ̀, tíráńsítọ̀ ẹnu rẹ̀ lè rí tó 70 nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ bá tàn tán. 2N3055 jẹ́ 60. Ẹni tó bá fi sí i, tó ní ó ń dún, kó dúró de ọjọ́ tí akọrin máa gbé ohùn sókè. TIP41C tó 100 fóltì, ṣùgbọ́n 65 wáàtì rẹ̀ kéré sí spíkà ńlá. 2SC5200 pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ 2SA1943 ló yẹ kó wà níbẹ̀: 230 fóltì, 150 wáàtì.

Lórí iná NẸ́PÀ

Iná ilé tó jẹ́ 230, bí ẹ bá gbà á sórí dáóòdù àti kápásítọ̀, á di 325. Bí iná bá padà dé lójijì tó wá ga dé 270, á di bíi 382. MJE13007 jẹ́ 400. Nínú pówà sọ́pláì tí tíráńsítọ̀ méjì ti ń pín in ṣe láàárín, 325 yẹn náà ni òkè tó ń rí, ó sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ṣájà oní-tíráńsítọ̀ kan, tíráńsfọ́mà á tún ju fóltì tirẹ̀ lé 325 náà, àpapọ̀ rẹ̀ lè kọjá 500. Ẹ má fi IRF840 rọ́pò MOSFET 600 tàbí 650 níbẹ̀ nítorí pé áńpù wọn jọra. Ẹ jẹ́ kí kápásítọ̀ ńlá náà tú gbogbo iná inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án; 325 tó dúró sínú rẹ̀ lè pa èèyàn.

Ṣé ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni?

Gbogbo nọ́ńbà tí mo ti kà sílẹ̀ yìí ti di òfo bí tíráńsítọ̀ náà bá jẹ́ ayédèrú, ọjà sì kún fún un. Wọ́n máa ń pa orúkọ tí owó rẹ̀ kéré rẹ́, wọ́n á kọ tí owó rẹ̀ ga sí i. Ọ̀nà tí mo fi ń wo IRF3205 kò ná mi ní nǹkan kan: bátìrì 12 fóltì, gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ oní 55 wáàtì, àti mítà. Mo máa so sọ́ọ̀sì mọ́ ẹnu òdì bátìrì, gílóòbù láàárín ẹnu kejì àti dréènì, ẹsẹ̀ tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà wọlé, mo máa wá fún gétì ní 12 fóltì láti orí bátìrì kan náà. Gílóòbù náà á fa bíi 4.6 áńpù. Mo máa gbé mítà sórí 200 milli-fóltì, mo máa wọn dréènì sí sọ́ọ̀sì lára ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lórí wáyà, kíákíá kó tó gbóná.

IRF3205 gidi kò gbọ́dọ̀ ju bíi 37 milli-fóltì lọ. Bó bá sún mọ́ 80, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ IRFZ44N tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó ṣì lè wúlò fún mọ́tò kékeré, nítorí náà èmi kì í jù ú nù. Mo máa ń fi bírò pupa kọ Z44 sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì máa ń kó o sínú agolo tirẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ mi má baà lọ mú un lọ́jọ́ tí ínfátà bá dé.